Imú Káfíńtà

Àrùn kan náà ló gbé káfíńtà àti ìyàwó rẹ̀ dùbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ kan náà. Káfíńtà dìde. Ìyàwó rẹ̀ ò dìde.

Ó ti pé oṣù mẹ́fà tí ọsíbítù ti ní kó máa lọ sílé. Ara rẹ̀ ti le, ọkàn rẹ̀ ni kò balẹ̀. Bó bá gun àtẹ̀gùn, á dúró, á ka iye ìgbà tó mí. Bó bá húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, á jókòó sórí pákó tó ń rẹ́, á máa retí ìkejì. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Ọmọ ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bí nígbà tó wà lórí àìsàn ti ń dá jókòó báyìí, kò tíì gbé e rí.

“Ẹ gbà á, Bàbá,” ni ọmọ rẹ̀ obìnrin máa ń wí.

“Ó dìgbà tí imú mi bá yá. Imú tí ò gbóòórùn, àrùn ò tíì kó ẹrù kúrò níbẹ̀.”

Láràárọ̀, kó tó fọ ẹnu, á mú síkáàfù ìyàwó rẹ̀, á fi bo imú, á mí kanlẹ̀. Ọjọ́ tó dé láti ọsíbítù ló bá a lórí ìrọ̀rí, ó ká gún régé. Obìnrin tí kì í ká aṣọ, tí gbogbo ilé ń tìtorí ẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Òórùn ìpara rẹ̀ àti ti òógùn ọrùn rẹ̀ ni káfíńtà ń wá. Àárò rẹ̀ ń sọ ọ́ gan-an, ó sì gbà pé lọ́jọ́ tí òórùn náà bá wọlé, ìyàwó òun á wá jókòó ti òun fún ìṣẹ́jú kan.

Kì í gbọ́ nǹkan kan. Lásìkò yẹn, ọmọ rẹ̀ máa ń wá iṣẹ́ ṣe ní kíṣìnì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, káfíńtà ké láti ibi tó ti ń fá pákó níta: “Ìrẹsì yín ń jóná o!” Ọmọ rẹ̀ sáré lọ paná. Nígbà tó padà jáde, ó ní àfi kí wọ́n lọ rí dókítà.

Dókítà fi aṣọ di ojú rẹ̀, ó gbé nǹkan mẹ́ta sábẹ́ imú rẹ̀. Èèpo ọsàn. Kẹrosíìnì. Kọfí. Káfíńtà dárúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìṣì.

“Bàbá, imú yín mú ju tèmi lọ.”

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré délé. Kò ka mímí kankan lórí àtẹ̀gùn. Ó wọ yàrá, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde wá jókòó, síkáàfù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

“Dókítà yẹn ò mọṣẹ́. Imú mi ò tíì yá délẹ̀. Gbé ọmọ yẹn jìnnà sí mi.”

Ọmọ rẹ̀ gbé ọmọ náà lé e lẹ́sẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú.

“Bàbá, ẹ dárí jì mí, imú yín ti yá tipẹ́, ọjọ́ tó ku ọ̀la kẹ́ ẹ dé, ẹ̀rù àrùn yẹn bà mí, mo bá da gbogbo aṣọ Màmá sínú omi gbígbóná, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mi ò yọ síkáàfù yẹn sílẹ̀.”