Ìṣó Tí Kò Wọlé Tán

"Bàbá, ẹ gbá ìṣó yẹn wọlé tán."

Gbogbo ìṣó tí káfíńtà kàn mọ́ ògiri ilé pákó kan ló yọ orí síta. Inú tíṣà tí ìjọba gbé wá sí etí òkun Ìlàjẹ láti Àkúrẹ́ kò dùn sí i. Báńkì kò tíì yá a lówó tó fẹ́ fi ra ilé náà, ṣùgbọ́n ó ti yan àwọ̀ ọ̀dà. Onílé ní kó máa tún un ṣe lọ.

"Bó bá wọlé tán, yíyọ rẹ̀ á ṣòro."

"Ta ló fẹ́ yọ ọ́?"

Káfíńtà na òòlù sí ọkọ̀ apẹja kan lójú òkun. "Ibi tí ọkọ̀ yẹn wà ni ilé yìí wà tẹ́lẹ̀, kí òkun tó jẹ ilẹ̀ ibẹ̀. Èmi ni mo tú u, tí mo tún un tò síbí."

Fóònù tíṣà dún. Báńkì ti gbà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

"Ọdún mélòó lẹ máa fi san án?"

"Ogún."

Káfíńtà wo òkun, ó wo ilé. "Ṣé ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ yín? Ẹ jẹ́ ká kọ nọ́ńbà sára pákó kọ̀ọ̀kan, kó má baà dàrú lọ́jọ́ tí a bá ń tú u."

Tíṣà mú ṣọ́ọ̀kì méjì jáde nínú àpò. Ó fún un ní ọ̀kan, ó sì bọ́ sídìí ògiri kejì.