Ìjẹ́wọ́ Erifazi

Eseza tó ń ta ọ̀dùnkún ló kọ́kọ́ sọ fún Keziya pé wọ́n ti rí ẹni tó jí ewúrẹ́ rẹ̀.

"Ìyá Bekunda, ẹ gbé igbá yẹn sílẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Erifazi ni o! Ó dìde láàárín àwọn ará lánàá, ó ní òun lòun jí i."

"Erifazi wo? Èyí tí kì í mú abẹ́rẹ́ ẹni?"

"Òun náà ni. Gbogbo ilé ló sunkún. Wọ́n kọrin, wọ́n gbé e sókè bí ọkọ ìyàwó."

Bí àwọn ará ìsọjí ṣe ń ṣe ní agbègbè Kigezi nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ rìn nínú ìmọ́lẹ̀ á dìde, á ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ní gbangba, wọ́n á sì dì mọ́ ọn. Olórí wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Yosamu ni wọ́n ń wò pé yóò rọ́pò rẹ̀, torí Yosamu ti jẹ́wọ́ ọtí, ó ti jẹ́wọ́ obìnrin, ó ti jẹ́wọ́ pé òun na bàbá òun. Ti Erifazi kì í ju ìbínú lọ. Á ní òun jágbe mọ́ ìyàwó òun, àwọn ará á ní "Yin Olúwa," ẹlòmíì á sì dìde. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ti ewúrẹ́ yìí, wọ́n ní kò sẹ́ni tó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ tó o. Wọ́n fi í jẹ olórí.

Keziya ò bá wọn kọrin. Bekunda ló wà lọ́kàn rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí ọkọ rẹ̀ kú fi sílẹ̀. Nígbà tí ewúrẹ́ sọnù, Bekunda nìkan ló wà nílé. Ìyá rẹ̀ pè é lólè lójú àwọn aládùúgbò, ó da ẹrù rẹ̀ síta. Ọmọ náà ò bá a jiyàn. Ó gba ibi ìwakùsà Kilembe lọ, kò sì wálé mọ́.

Erifazi fa ewúrẹ́ mìíràn wá, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Dìde," Keziya wí. "Ọmọ mi ni mo fẹ́. Lọ́la ni mò ń lọ bẹ̀ ẹ́."

Erifazi pẹ́ kó tó dìde. "Ẹ ní sùúrù, arábìnrin. Ẹ jẹ́ ká ṣe àpéjọ ńlá tán. Èmi fúnra mi ló yẹ kí n bẹ̀ ẹ́. A ó jọ lọ ni."

"Má fi mí ṣeré o."

"Olúwa ń gbọ́."

Àpéjọ kọjá, òjò dé, Erifazi ní ọ̀nà ò dáa. Òjò dá, ó ní bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n kórè ọkà bàbà, Keziya ta ewúrẹ́ náà, ó fi owó rẹ̀ wọkọ̀ lọ sí Kilembe, òun nìkan.

Obìnrin tó ni ilé tí Bekunda ń gbé ló jáde sí i. Ó gbé àpótí fún un.

"Ìyá, ẹ pẹ́. Ibà ni. Oṣù tó kọjá la sin ín."

Keziya ò ké. "Mo wá bẹ̀ ẹ́ ni," ó wí. "Mo pè é lólè, kò sì jalè."

Obìnrin náà wọlé, ó mú aṣọ kan tí wọ́n ta ní kókó jáde, ó tú u sí ìyá náà lẹ́sẹ̀, ṣílè dà sílẹ̀.

"Ó ní kí n kó o fún yín," ó wí, "owó ewúrẹ́ tóun jí tà ni, ojú sì ń ti òun láti wálé títí tí yóò fi pé."