Ibi Ìkàwé Olúfẹ́mi

Ní gbogbo Ẹdẹ, abẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ilé Bàbá Olúfẹ́mi ni Tèmídayọ̀ fẹ́ràn jù láti máa kàwé. Olúfẹ́mi ló kọ́kọ́ mú un débẹ̀. Òrùlé yàrá ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ wọn ń jò, nílé Tèmídayọ̀, èèyàn mẹ́fà ló há sínú yàrá kan, kẹrosíìnì sì ti di ohun tí èèyàn ń tò fún láti àárọ̀. Abẹ́ máńgòrò ní atẹ́gùn, ìjọba ò sì tíì rí i.

Ìjọba ológun tí kò rí òrùlé tún ṣe rí owó ilé-ẹ̀kọ́ fi kún. Olúfẹ́mi ló ṣíwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ dí ọ̀nà. Ṣọ́jà yìnbọn. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n fi wá ọmọ náà kiri, kí bàbá rẹ̀, tó jẹ́ bíríkìlà, tó sọ fún wọn pé ọta ìbọn ti pa á níbi tó sá sí. Bàbá fi sàréè hàn wọ́n lábẹ́ máńgòrò, sìmẹ́ńtì rẹ̀ ò tíì gbẹ tán. Ọ̀gá ṣọ́jà, tó ti ọ̀nà jíjìn wá, ṣí fìlà, ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ. Àwọn ará àdúgbò ní kí Ọlọ́run fi mọ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n ṣí ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba ti tì pa, wọ́n ní ìdánwò àṣekágbá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tèmídayọ̀ búra pé òun máa yege nínú ìdánwò tí wọn ò jẹ́ kí Olúfẹ́mi ṣe, ibi tí àwọn méjèèjì ti ń kàwé náà lòun sì ti máa kà á. Ó lọ jókòó sórí sìmẹ́ńtì sàréè náà, ó ṣí ìwé.

Bàbá jáde. "Dìde níbẹ̀."

"Ẹ káàsán, sà. Ìwé ni mò ń kà."

"Mo ní kó o dìde. Lọ kàwé níbòmíràn. Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n máa rí ẹ níbí."

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá da omi sórí sìmẹ́ńtì. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n to búlọ́ọ̀kù lé e. Tèmídayọ̀ kó búlọ́ọ̀kù náà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó jókòó. Inú ń bí i débi pé ó ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹrin, kò mọ ohun tó kà.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ omi àti búlọ́ọ̀kù ló dùn ún jù. Bàbá ò sunkún. Bó bá dọ̀sán, ẹ̀bá sàréè yẹn ni wọ́n ń gbé àpótí sí, tí wọ́n á jẹ ẹ̀bà wọn, tí wọ́n á tayín. Ìyá Olúfẹ́mi tiẹ̀ tún burú jù wọ́n lọ. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n á dín dòdò, oúnjẹ tí Olúfẹ́mi fẹ́ràn jù láyé, wọ́n á gbé e lọ sóko lọ́nà Awo. Bí wọ́n bá ń gbé abọ́ òfìfo bọ̀, ara wọn á yá gágá.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kejì, Bàbá já ìwé gbà lọ́wọ́ Tèmídayọ̀, wọ́n sọ ọ́ sójú títì.

Ìyàndá tó ń tún rédíò ṣe ní ìsọ̀ lódìkejì ọ̀nà rí i, ó tún tẹjú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Oníbàárà rẹ̀ kan ló dìde. Ọjọ́ kẹta tí ọkùnrin náà ti ń jókòó síbẹ̀ nìyẹn nítorí rédíò kékeré kan tí kò ní àìsàn tó bẹ́ẹ̀. Ó bá Tèmídayọ̀ ṣa ìwé.

"Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Kí ló dé tí bàbá yìí ò jẹ́ kó o sinmi?"

"Bọ̀dá, ẹ bá mi bi wọ́n. Sàréè ọmọ wọn nìyẹn o. Ẹ ti rí bàbá tó ń jókòó ti ojú oórì ọmọ rẹ̀ rí? Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kú ní Sekona, inú yàrá ni wọ́n ti bàbá mi mọ́ títí wọ́n fi sin ín. Dòní olónìí, wọn ò mọ ojú oórì rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi po sìmẹ́ńtì."

Ìyàndá wúkọ́. "Tèmídayọ̀, jọ̀ọ́, bá mi bu omi wá."

"Mò ń bọ̀." Kò lọ. "Wọ́n ń jẹ ẹ̀bà nídìí ẹ̀. Ìyá ń dín dòdò tí ọmọ tó kú fẹ́ràn, wọ́n ń gbé e lọ sóko Awo ní gbogbo Jímọ̀. Òní náà, wọ́n ti lọ. Ìkà ni wọ́n, àwọn méjèèjì."

"Òótọ́ lo sọ," ni ọkùnrin náà wí. "Bàbá kì í mọ ojú oórì ọmọ."

Ó bu ẹ̀pà fún un, ó gun ọ̀kadà lọ. Ìyàndá pè é pé kó wá mú rédíò rẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn. Ìyàndá wo Tèmídayọ̀ títí, ó wá sáré sọdá lọ bá Bàbá nínú ilé.

Inú Tèmídayọ̀ rọ̀ díẹ̀ nítorí ẹnìkan ti dá a láre. Ó padà sórí sìmẹ́ńtì. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yìí wá, ìwé wọ̀ ọ́ lórí.

Bàbá sáré gbé kẹ̀kẹ́ jáde, wọn ò tiẹ̀ lé e. Tèmídayọ̀ rò pé ìtìjú ni. Wọn ò tíì gun kẹ̀kẹ́ náà tí ọkọ̀ ṣọ́jà méjì yọ. Ọ̀kan ò dúró, ó kọjá lọ sọ́nà Awo. Èkejì dúró, ọkùnrin tó ni rédíò sì sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí Tèmídayọ̀ jọ̀wọ́ dìde. Àwọn ṣọ́jà fi díágà fọ́ sìmẹ́ńtì. Bàbá kúnlẹ̀ sínú oòrùn, wọ́n sì ń sunkún.

Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ náà títí ó fi mu èèyàn dé ọrùn, wọn ò rí pósí, wọn ò rí òkú. Ìwé Olúfẹ́mi nìkan ni wọ́n bá níbẹ̀, tí Bàbá ti fi ọ̀rá dì dáadáa kí òjò má bà á jẹ́ títí olówó rẹ̀ á fi padà wá ṣe ìdánwò.