Òdo Tí Tíṣà Wilmer Jù Nù

Ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì o, ẹ kà á dé òpin. Mo fi ọ̀run búra, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ó dáa, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni òótọ́. Ibì kan wà tí mo fi ti ara mi bù mọ́ ọn, n ó sì jẹ́wọ́ rẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ má fò lọ síbẹ̀, mo ń wò yín.

1.

Quito, olú ìlú orílẹ̀-èdè wa, ni wọ́n bí Wilmer Peñafiel sí. Ìlú wa, Sígsig níbí, ló ti wá ń kọ́ àwọn ìyá ahunfìlà ní kọ̀ǹpútà, nínú gbọ̀ngàn àdúgbò. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ dùn, a ò lè purọ́ mọ́ ọn. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó pa iná gbọ̀ngàn, ó tún tàn án, ó ní: "Ohun tí ẹ̀rọ yìí mọ̀ kò ju èyí lọ. Pípa ni òdo, títàn ni oókan. Lẹ́tà o, nọ́ńbà o, fọ́tò ọmọ-ọmọ yín o, òdo àti oókan ló fi ń tọ́jú gbogbo rẹ̀."

Lọ́sẹ̀ kejì, ó kọ́ wọn pé àpótí kéékèèké ló wà nínú àtẹ inú kọ̀ǹpútà, pé èèyàn gbọ́dọ̀ sọ fún àpótí kọ̀ọ̀kan bóyá nọ́ńbà tí à ń rò pọ̀ ni yóò gbé, tàbí ohun tí a kàn ń kà bí ọ̀rọ̀. Àwọn ìyá ń gbọ́ ọ, ọwọ́ wọn kò sì kúrò lára koríko tí wọ́n ń hun.

Ẹni tó máa ń jókòó níwájú pátápátá ni Màmá Delfina Zhunio. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Fìlà tó fẹ́lẹ́ bí aṣọ ló fi ń jẹun láti kékeré, ṣùgbọ́n nǹkan funfun bí èéfín ti ń bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Ìka ló ti ń fi wá ojú ọnà.

2.

Ìròyìn wá dé pé àwọn dókítà ojú ń bọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta péré, pé ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ abẹ ojú tí wọ́n fẹ́ ṣe, pé ó di ọdún tó ń bọ̀ kí wọ́n tó padà. Ẹni tó bá fẹ́, kí orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ tètè dé ọ̀dọ̀ wọn. Èèyàn méjìlélógójì ló fẹ́. Wilmer ní kí wọ́n gbé àkọsílẹ̀ orúkọ náà fún òun, pé kí tíì tó tutù, òun á ti ṣe é tán.

Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá bí ní ìpínlẹ̀ wa, òdo ló ṣáájú nọ́ńbà káàdì rẹ̀. Tàwọn ará Quito kò rí bẹ́ẹ̀. Wilmer kò sì sọ fún àpótí kankan irú ohun tí yóò gbé. Ẹ̀rọ rò pé wọ́n fẹ́ rò ó pọ̀ ni, ó gbá òdo iwájú dànù.

Màmá Delfina gbé ojú sún mọ́ ẹ̀rọ títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. "Tíṣà, òdo mi dà?"

"Òdo wo, Màmá?"

"Èyí tó ṣáájú. Mẹ́wàá ló wà lórí káàdì mi, mẹ́sàn-án ni mo kà níbí."

Wilmer yíjú sí kíláàsì. "Ẹ wá gbọ́ o, Màmá ń wá òdo. Òdo iwájú kò wúwo. Bí mo bá fún yín ní òdo adìẹ, Màmá, kí lẹ máa sè lọ́jọ́ ọdún?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Màmá Delfina dúró kí ẹ̀rín náà rọlẹ̀. "Ìwọ lo sọ pé òdo ni ìdajì gbogbo ohun tí ẹ̀rọ yìí mọ̀."

"Ẹ hun fìlà yín, Màmá."

Wilmer fi àwọn orúkọ náà ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

3.

Lọ́jọ́ tí èsì dé, gbọ̀ngàn kún. Wilmer fúnra rẹ̀ ló dìde láti kà á. Orúkọ mẹ́ta péré ni wọ́n mú. Ìpínlẹ̀ Loja, tí nọ́ńbà tiwọn kò ní òdo níwájú, ni wọ́n bí méjì sí. Ìkẹta ni ìyá ìyàwó rẹ̀, ọmọ Quito bíi tirẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ síwájú àwọn mọ́kàndínlógójì yòókù ni pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ nọ́ńbà yìí.

Ìyá kan béèrè láti ẹ̀yìn bóyá ìyá ìyàwó Tíṣà nìkan lojú ń dùn ní Sígsig.

Wilmer wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Mẹ́sàn-án. Mẹ́sàn-án. Mẹ́sàn-án, títí dé ìsàlẹ̀. Ìgbà yẹn ló yé e. Ojú tì í, etí rẹ̀ gbóná, kò lè gbé orí sókè wo ìjókòó iwájú. Ó pe ilé ìwòsàn àwọn dókítà náà níṣojú gbogbo wọn, ó ṣàlàyé, ó bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti fi àyè náà fún ìlú mìíràn.

4.

Lọ́jọ́ kan náà, ó lọ sílé Màmá Delfina, ó kúnlẹ̀, ó ní òun ló jẹ̀bi. Màmá ń bẹ̀rẹ̀ fìlà tuntun lọ́wọ́. Ó fa ọwọ́ Wilmer, ó fi ìka rẹ̀ kan àárín téńté orí fìlà náà.

"Ibí ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Kò tó ọmọ eèrà. Fà á yọ."

Wilmer ní òun ò lè fà á.

"Bí o bá fà á yọ, kí lo máa dé sórí?"

Wilmer bú sẹ́kún. Màmá gba fìlà rẹ̀ padà. "N ò mọ̀ bóyá ojú mi á dúró de ọdún tó ń bọ̀. Àfàìmọ̀ kí èyí má jẹ́ ìkẹyìn tí mo máa hun. Ṣáà sọ fún kíláàsì pé mo béèrè."

Ìyẹn ni Wilmer kọ́kọ́ sọ lọ́jọ́ ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ lé e: "Màmá Delfina béèrè. Èmi ni mo fi í rẹ́rìn-ín." Ẹnikẹ́ni kò hun nǹkan kan lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ ṣọ́ra. Nọ́ńbà tí a kò ní rò pọ̀, bíi ti káàdì àti ti fóònù, ẹ sọ fún ẹ̀rọ pé kíkà bí ọ̀rọ̀ la fẹ́ kà á. Bí ẹni tí ẹ ń kọ́ bá sì ní òun ò rí tòun, ẹ bá a kà á lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó rẹ́rìn-ín. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ó ku ìjẹ́wọ́ mi. Òótọ́ ni ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ, ṣùgbọ́n irọ́ ni pé Tíṣà lọ sílé Màmá lọ́jọ́ kan náà. Kò lọ rárá, ẹ̀kọ́ pàápàá dúró. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì sá fún un. Màmá Delfina ló fi ọwọ́ tọ ògiri títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà Tíṣà, tòun ti fìlà náà lọ́wọ́.