Fọ́tò Bàtà Ẹyọ Kan

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn fọwọ́ ti èyí kọjá. Ẹ kà á tán kí ẹ tó gbé fọ́tò ẹbí yín mìíràn síta. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ni mo ṣe ń kọ ọ́.

1.

Ìyá àgbà kan wà ní Òkè-Àgbò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìyá Mùtàlíbù ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Mùtàlíbù, àkọ́bí rẹ̀, ń wa ọkọ̀ ojú omi ní Òde-Omi. Oṣooṣù ló ń fi ẹja gbígbẹ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló sì ń pè é lórí fóònù.

Lọ́dún tó kọjá, àìsàn ọjọ́ mẹ́ta péré ló mú Mùtàlíbù lọ. Wọ́n sin ín sí Òde-Omi lọ́jọ́ náà gan-an, bí ẹ̀sìn ṣe là á sílẹ̀.

Ta ni yóò sọ fún ìyá? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, nílẹ̀ wa, a kì í túfọ̀ ọmọ fún arúgbó. Àdíját, àbúrò olóògbé tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá, kó ẹbí jọ, gbogbo wọn sì ṣèlérí pé àwọn ò ní sọ. Bí Jímọ̀ bá dé, wọ́n á ní kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Òde-Omi. Bí oṣù bá parí, Àdíját á ra ẹja lọ́jà, á gbé e fún ìyá.

"Bọ̀dá mi ló fi ránṣẹ́."

Ìyá á tọ́ ọ wò, á fajú ro. "Mùtàlíbù ti gbàgbé irú ẹja tí mo fẹ́ràn. Eléyìí ti gbẹ jù. Bó bá dé, màá bá a jà!"

Àdíját á sáré wọ ilé ìdáná lọ sunkún.

2.

Aaliyah ni ọmọ kan ṣoṣo tí Mùtàlíbù bí. Ó ń kàwé ní Àgọ́-Ìwòyè. Ẹ má tíì bú u o. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú, tó sì gbọ́dọ̀ máa rẹ́rìn-ín níwájú ìyá àgbà ní gbogbo ìgbà tó bá wálé, níbo ni yóò ti sunkún? Orí Fesibúùkù ló ti ń sun ún. Á gbé fọ́tò àtijọ́ síbẹ̀, á kọ ìtàn kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan ló ń rí i níbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyìn dùn. "Tún sọ òmíràn fún wa!" Nígbà tó yá, ó ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé.

Àdíját rí i, ó pè é lórí fóònù. "Aaliyah, rọra o! Ìyá ṣì wà láyé."

"Àǹtí, ìyá àgbà ò lo Fesibúùkù."

"Ìyá ò lò ó. Àdúgbò ńkọ́?"

Aaliyah kàn rẹ́rìn-ín ni.

3.

Lọ́jọ́ tó pé ọdún kan tí bàbá rẹ̀ kú, ó gbé fọ́tò tó fẹ́ràn jù síta. Mùtàlíbù dúró létí omi, ó gbé Aaliyah kékeré sọ́rùn, bàtà ẹyọ kan ló wà lẹ́sẹ̀ Mùtàlíbù. Aaliyah kọ ọ́ pé òun ló yọ̀ tẹ̀rẹ́ nínú ọkọ̀, tí bàbá òun fò mú òun, tí bàtà kejì bá omi lọ. Ayàwòrán ní kó lọ wá bàtà mìíràn wọ̀. Bàbá rẹ̀ ní, "Yà á bẹ́ẹ̀. Mo ti rí èyí tí mò ń wá mú."

Aaliyah wá kádìí rẹ̀: "Ó pé ọdún kan lónìí tí ẹ fi wá sílẹ̀, bàbá mi. Kí Ọlọ́hun fi Alujánnà ṣe ilé fún yín."

Kí ilẹ̀ tó mọ́, irinwó èèyàn ti bá a kẹ́dùn. Àwọn kan sì ti gbé e lọ sórí Wasáàpù.

4.

Ọláníkẹ́ aránṣọ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó láti Ilaporu wá sí òdìkejì ilé wọn ni. Aládùúrà ni, èèyàn jẹ́jẹ́. Ẹnì kan ládùúgbò fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí i pé ọmọ Ìyá Mùtàlíbù ni, àánú ìyá sì ṣe é. Bó ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Àìkú, ó ra búrẹ́dì, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá.

"Ìyá, ẹ kú ìrántí bọ̀dá Mùtàlíbù. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere."

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Mùtàlíbù wo?"

Ọláníkẹ́ rò pé ogbó ló fà á. Ó na fóònù sí i. "Àwọn náà rèé, Ìyá, tàwọn ti ọmọ wọn."

"Ọmọ mi ni lóòótọ́. Kí ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀?"

Ó kà á. Ó ti kà á tán kó tó rí Àdíját lẹ́nu ọ̀nà, tó káwọ́ lérí.

Ìyá ò ké. Ó kọjú sí Àdíját. "Ta ló ń ra ẹja?"

Àdíját kúnlẹ̀ síbẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ubo ni wọ́n sin ọmọ mi sí?"

5.

Aaliyah ti yọ fọ́tò náà kúrò kó tó dé Òkè-Àgbò, ṣùgbọ́n ó ti wà lórí fóònù àwọn tí kò mọ̀ rí. Ó wólẹ̀ lẹ́sẹ̀ ìyá àgbà, ó ń sunkún.

"Ẹ dárí jì mí, ìyá àgbà. Àárò wọn ló ń sọ mí."

Ìyá fọwọ́ kàn án lórí. "Mo mọ̀, ọmọ mi. Wọ́n ní irinwó èèyàn ti bá ọ sunkún bàbá rẹ. Èmi tí mo bí i ńkọ́? Ẹ̀yìn gbogbo wọn ni mo wá wà?"

Ìgbà náà ni ìyá bú sẹ́kún.

Ó ti dárí jì wọ́n. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, kò jẹ ẹja mọ́, kò sì gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́. Fuad, àbíkẹ́yìn rẹ̀, pè é láti Ìbàdàn. Ìyá ní, "Wálé kí n fọwọ́ kàn ọ́." Ó di dandan kí Fuad wálé. Bí Aaliyah bá pè é láti Àgọ́-Ìwòyè, tó ní ara òun le, ohun kan náà ni ìyá ń bi í: "Ṣé o wà láyé lóòótọ́?"

6.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣe ìrántí òkú yín. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó gbé fọ́tò àti ìtàn rẹ̀ síta, ẹ bi ara yín pé: ta lẹni tí kò tíì gbọ́, tó yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ láti ẹnu wa? Ẹ lọ jókòó tì í kí ẹ sọ fún un. Ohun tó bá ti jáde, ẹ ò lè kó o padà. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ní í fọ́.