Nọ́ńbà Tó Wà Lára Ìṣó

Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ tí wọ́n ń fẹ́ èémí sí wá sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń lọ ìyẹ̀fun, inú Ọ̀gá dùn. Ẹni tí èémí rẹ̀ kò bá dé ojú ìlà, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀gá sì ti mọ ẹni tó ń lọ.

"Fèrè, di ẹrù ẹ," ó sọ fún ọkùnrin tínínrín tó ń gbálẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Ẹ gbọ́ o! Ó ń kí mi, àyà ẹ̀ ń gberin."

Àwọn òṣìṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Àyà Fèrè ń súfèé lóòótọ́. Ọmọ mẹ́ta ló ń wo ọwọ́ rẹ̀ nílé. Láràárọ̀, ó máa ń fa òògùn inú ike kan sẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì kó tó faṣọ bo imú. Ọ̀gá ní ọmú àgbàlagbà ni.

Àjànàkú lẹni tí Ọ̀gá kà sí ọkùnrin. Àpò méjì ló ń gbé lẹ́ẹ̀kan, kì í húkọ́. Tó bá sọ ẹrù kalẹ̀, á fọwọ́ ti orúnkún, á lanu sílẹ̀ díẹ̀, á tún gbé òmíràn. Ìjókòó ló ń sùn lálẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ní ọkọ òun ń ṣọ́lé ni.

"Ẹ wo àyà bí ilẹ̀kùn géètì," Ọ̀gá máa ń wí, á sì húkọ́ tirẹ̀. Ó ní sìgá ni. Ó ku ọdún kan kó fẹ̀yìn tì.

Nọ́ọ̀sì kò mọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀wù kan náà ni gbogbo wọn wọ̀, ìyẹ̀fun sì ti kun ojú wọn. Páálí nọ́ńbà tí kálukú ń mú lára ìṣó láràárọ̀, tó dúró fún orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ilé iṣẹ́, ló ń kọ sílẹ̀: kìíní ni ti Ọ̀gá, ìkẹsàn-án ni ti Fèrè, ìkẹtàdínlógún ni ti Àjànàkú. Lọ́jọ́ náà, Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló pín in. Àjànàkú wo nọ́ńbà tí wọ́n fi sí i lọ́wọ́, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ranjú mọ́ ọn, Àjànàkú sì lọ tò sórí ìlà.

Nígbà tí gbogbo wọn fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ náà tán, nọ́ọ̀sì gbé ìwé rẹ̀.

"Nọ́ńbà kẹsàn-án, o ní ikọ́ fée, àmọ́ ò ń lo òògùn ẹ dáadáa. Máa ṣiṣẹ́ ẹ lọ."

"Ha!" ni Ọ̀gá wí.

"Nọ́ńbà kẹtàdínlógún, àyà ẹ le bí ewìrì alágbẹ̀dẹ."

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín, ẹ̀rín náà já sí méjì.

"Nọ́ńbà kìíní, inú ọ̀nà èémí ẹ ti wú, ó ti fún pinpin. Ikọ́ fée tí kì í pariwo ni, òun ló sì burú jù. O ò gbọdọ̀ wọ ibí mọ́ láti òní lọ."

Àjànàkú rìn kọjá níwájú gbogbo wọn, ó yọ nọ́ńbà kìíní lápò, èyí tí Ọ̀gá fi pààrọ̀ tirẹ̀ láàárọ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún ẹni tó ni ín.