Kò Ní Jò

Igi tó ń ta pàràpàrà lábẹ́ erùpẹ̀ ni Ràmọ́nì tún ń gbọ́ létí, bẹ́ẹ̀ ó ti lé lógójì ọdún tó ti fi Irawo sílẹ̀ wá sí Kánádà.

Lẹ́tà kan wà níwájú rẹ̀.

Ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ epo fẹ́ kí ìjọba gbà wọ́n láyè láti máa ri èéfín wọn mọ́ abẹ́ àpáta. Ràmọ́nì ni ẹnjiníà àgbà wọn. Ìbuwọ́lùwé rẹ̀ ló kù.

Fóònù dún. Débọ́lá, akọ̀wé ẹgbẹ́, ni.

"Bàbá Misturat, àbí ẹ ti sùn lọ ni? Ọ̀sán yìí la gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́. Ẹ ṣáà jẹ́rìí sí i pé kò ní jò."

"Mo ti kà á."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní láti kékeré lẹ ti ń fi erùpẹ̀ bo èéfín mọ́lẹ̀ nílé yín?"

Ràmọ́nì pa fóònù.

Ní Irawo, òkìtì igi ni bàbá Ràmọ́nì máa ń fi erùpẹ̀ bò, tí iná á máa jó o díẹ̀díẹ̀ títí á fi di èédú. Ibi tó bá ń jò, iná á jẹ inú rẹ̀ di kòtò. Ràmọ́nì ló ń dí ibi tó ń jò. Samsudeen àbúrò rẹ̀, tó fúyẹ́ jù nínú wọn, ló ń gun òkè lọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ó tún gbé fóònù, ó kọ àtẹ̀jíṣẹ́, ó sì fi ránṣẹ́:

"Débọ́lá, wá ẹlòmíràn tó máa buwọ́ lù ú. Mo ti sọ ọ́ fún Samsudeen àbúrò mi rí pé kò jò mọ́, kó máa gùn ún. Ibi tí mi ò rí ló jìn sí. Kí wọ́n tó kírun Alásárì lọ́jọ́ náà, a ti sin ín."